Afẹ́fẹ́ Ló Ń Darí Ẹsẹ̀ Níbẹ̀: Bí A Ṣe Ń Ṣàbẹ̀wò sí Cádiz àti Àyíká Rẹ̀

Ẹ kú ìkàlẹ̀ o, ẹ̀yin àgbà wa, ẹ̀yin ìyá àti bàbá, àti ẹ̀yin ọ̀dọ́ tó fi iṣẹ́ sílẹ̀ wá. Ohun tí ẹ ní kí a bá yín sọ ni bí ènìyàn ṣe lè lọ sí Cádiz, èbúté àtijọ́ tó wà ní gúúsù ilẹ̀ Spéìn, kí owó tó ná má bàa ṣòfò. A ó mẹ́nu ba ọ̀nà, ilé, oúnjẹ àti àwọn ìlú tó yí i ká. Ṣùgbọ́n ohun kan ni gbogbo ọ̀rọ̀ wa rọ̀ mọ́: ní Cádiz, òkun àti afẹ́fẹ́ ló ń pinnu ohun tí ènìyàn máa ṣe lójúmọ́. Òun ló pinnu bí wọ́n ṣe kọ́ ilé wọn, òun ló gbé owó wọlé, òun náà ló gbé e lọ. Àlejò tó bá jáde láìbèèrè afẹ́fẹ́ tó ń fẹ́, iyanrìn ni yóò jẹ lọ́sàn-án.

Ìlú náà wà lórí ahọ́n ilẹ̀ tóóró kan tó na wọ inú òkun Àtìláńtíìkì. Lápá kan, òkun gbangba ni. Lápá kejì, omi ńlá tó fẹ̀ bí ọ̀sà, tí wọ́n ń pè ní Bahía. Ìlú àtijọ́ ló wà ní ṣóńṣó ahọ́n náà. Odi àti ẹnubodè tí wọ́n ń pè ní Puertas de Tierra ló yà á kúrò lára ìlú tuntun. Ẹ lè fi ẹsẹ̀ rin ìlú àtijọ́ láti etí kan dé èkejì láàárín 30 ìṣẹ́jú. Nítorí náà, ẹni tó bá háyà ọkọ̀, kó má ṣe gbé e wọ inú rẹ̀ rárá. Àwọn òpópónà há, ibi ìgbọ́kọ̀sí ṣọ̀wọ́n, ọ̀pọ̀ ojú ọ̀nà ni wọ́n sì fi sílẹ̀ fún ẹlẹ́sẹ̀ nìkan.

Afẹ́fẹ́ méjì ló ń jọba níbẹ̀. Levante ń fẹ́ láti ìlà-oòrùn. Ó gbẹ, ó gbóná, ó sì lè fẹ́ fún ọjọ́ mẹ́ta tàbí mẹ́rin láìsinmi. Poniente ń fẹ́ láti ìwọ̀-oòrùn, ó tutù, ó sì gbé ọ̀rinrin òkun dání. Ní ọjọ́ tí Levante bá ń fẹ́ gan-an, ẹ má ṣe lọ sí etíkun Bolonia tàbí Tarifa ní gúúsù, nítorí iyanrìn á máa na ènìyàn lẹ́sẹ̀ bí abẹ́rẹ́. Inú ìlú ni kí ẹ wà lọ́jọ́ náà, tàbí ní La Caleta, etíkun kékeré tó kọjú sí ìwọ̀-oòrùn, tí àwọn ilé ìlú sì dí afẹ́fẹ́ fún. Nígbà tí Poniente bá dé, ojú ọjọ́ á mọ́, ara á tù, ìgbà yẹn ni kí ẹ lọ sí gúúsù. Ẹ bi ẹni tó ń sin yín ní kọfí láàárọ̀. Gbogbo ará Cádiz ló mọ èyí tó ń fẹ́, wọ́n sì fẹ́ràn láti sọ̀rọ̀ rẹ̀.

La Caleta náà ní ìkìlọ̀ tirẹ̀. Òkun ibẹ̀ máa ń fà sẹ́yìn jìnnà. Tó bá ti fà tán, àpáta ni yóò kù, àwọn ọmọdé á máa ṣa akàn nínú kòtò omi, ṣùgbọ́n kò sí bí àgbà ṣe lè lúwẹ̀ẹ́. Ẹ wo àkókò tí òkun ń kún àti ìgbà tó ń fà lórí fóònù yín, kí ẹ sì lọ ní wákàtí méjì ṣáájú kí ó tó kún tán. Ní apá kan etíkun náà ni ilé olódi Santa Catalina wà, ọ̀fẹ́ ni wọ́n ń wọ̀ ọ́. Ní apá kejì ni San Sebastián wà lórí erékùṣù kékeré kan, tí ọ̀nà òkúta kan so mọ́ ìlú. Wọ́n máa ń ti San Sebastián pa fún àtúnṣe, ṣùgbọ́n rírìn lórí ọ̀nà òkúta náà nírọ̀lẹ́ nìkan ti tó.

Ẹ jẹ́ kí a wọ inú ìtàn díẹ̀, torí láìsí i, òkúta lásán ni ènìyàn máa rí. Àwọn òǹkọ̀wé ayé àtijọ́ sọ pé àwọn ará Fonísíà, oníṣòwò orí òkun láti ibi tí a ń pè ní Lẹ́bánónì lónìí, ló tẹ ìlú náà dó, ìṣirò wọn sì bọ́ sí ọdún 1104 ṣáájú ìbí Kristi. Ohun tí àwọn awalẹ̀-wádìí rí kò pẹ́ tó bẹ́ẹ̀: ọ̀rúndún kẹsàn-án ṣáájú ìbí Kristi ni. Èyí náà ti tó láti fi í sí ara àwọn ìlú tó pẹ́ jù tí ènìyàn ṣì ń gbé ní ìwọ̀-oòrùn Yúróòpù. Bí ẹ bá fẹ́ fi ojú rí i, ibi ìwalẹ̀ kan wà tí wọ́n ń pè ní Yacimiento Gadir, lábẹ́ ilé eré àwọn ọmọláńgidi ní àárín ìlú. Ènìyàn máa sọ̀ kalẹ̀ tó nǹkan bíi mítà 9 lábẹ́ ojú títì, á sì rí ojú ọ̀nà àti ìpìlẹ̀ ilé àwọn ará Fonísíà. Kò sí owó ìwọlé, ṣùgbọ́n ẹgbẹ́ ẹgbẹ́ ni wọ́n ń mú àlejò wọlé ní wákàtí tí wọ́n yàn, àyè kò sì pọ̀. Ẹ lọ gba àyè láàárọ̀ kí ẹ tó lọ ṣe nǹkan mìíràn.

Ibi tí a kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni fò ni Museo de Cádiz ní Plaza de Mina. Pósí òkúta méjì wà níbẹ̀ tí wọ́n gbẹ́ ní àwòrán ènìyàn, ọ̀kan ọkùnrin, ọ̀kan obìnrin. Ọdún 1887 ni wọ́n rí ti ọkùnrin. Pelayo Quintero, tó wá di olùdarí ilé ìṣẹ̀ǹbáyé náà, gbà pé ìkejì rẹ̀ gbọ́dọ̀ wà níbì kan. Ó walẹ̀ káàkiri ìlú, kò rí i títí ó fi kú. Ní 1980, nígbà tí wọ́n ń walẹ̀ láti kọ́ ilé tuntun, wọ́n bá pósí obìnrin náà lórí ilẹ̀ tí ilé Quintero fúnra rẹ̀ ti wà rí! Owó ìwọlé jẹ́ €1.50 fún ẹni tí kì í ṣe ọmọ Ìṣọ̀kan Yúróòpù, ọ̀fẹ́ ni fún àwọn tó kù. Wọ́n kì í ṣí i ní ọjọ́ Ajé, ọ̀sán sì ni wọ́n ń tì í ní ọjọ́ Àìkú. Ọ̀pọ̀ àlejò ló ń fi ọjọ́ Ajé kan ṣoṣo tí wọ́n ní wá sí Cádiz, tí wọ́n sì ń bá ilẹ̀kùn títì pàdé.

Ọdún 1980 kan náà ni wọ́n rí gbàgede eré àwọn ará Róòmù, ní àdúgbò El Pópulo. Balbus, ọlọ́rọ̀ ọmọ Cádiz tó jẹ́ ọ̀rẹ́ Julius Caesar, ló kọ́ ọ. Apá kan ìjókòó rẹ̀ nìkan ló hàn, ìyókù ṣì wà lábẹ́ ilé àwọn ènìyàn.

Ohun tó sọ Cádiz di ọlọ́rọ̀ ni òwò pẹ̀lú Amẹ́ríkà. Columbus ti gbéra níbẹ̀ fún ìrìn-àjò rẹ̀ kejì ní 25 oṣù Kẹsàn-án 1493, pẹ̀lú ọkọ̀ ojú omi 17. Ṣùgbọ́n Seville ni ìjọba fi òwò náà sí lákọ̀ọ́kọ́, odò Guadalquivir sì ni ọkọ̀ ń gbà dé ibẹ̀. Nígbà tó yá, ọkọ̀ tóbi ju odò lọ, iyanrìn sì dí ẹnu odò náà ní Sanlúcar. Ní 1717 ni wọ́n gbé ilé-iṣẹ́ ìjọba tó ń ṣàkóso òwò Amẹ́ríkà, Casa de Contratación, kúrò ní Seville wá sí Cádiz. Láti ìgbà yẹn títí di 1778, tí ọba ṣí òwò náà sílẹ̀ fún èbúté púpọ̀ mìíràn, Cádiz ni fàdákà, kòkó, ṣúgà àti tábà ń gbà wọlé.

Ilé àwọn oníṣòwò ìgbà náà ṣì kún ìlú, ó sì rọrùn láti kà wọ́n bí ìwé. Ìsàlẹ̀ pátápátá ni wọ́n ń kó ọjà sí. Àjà kúkúrú tó tẹ̀ lé e ni ọ́fíìsì. Àjà kìíní tó ní fèrèsé gígùn ni olówó àti ìyàwó rẹ̀ ń gbé. Òkè pátápátá ni ti àwọn ìránṣẹ́. Lábẹ́ àgbàlá ni kànga ńlá tí wọ́n ń tọ́jú omi òjò sí wà, nítorí omi mímu kò pọ̀ lórí ahọ́n ilẹ̀ náà. Òkúta mábù ẹnu ọ̀nà, láti Genoa ní Ítálì ni púpọ̀ rẹ̀ ti wá. Òkúta tí wọ́n fi kọ́ ìyókù ni wọ́n ń pè ní ostionera. Ẹ fọwọ́ kàn án, ìkarawun òkun ló kún inú rẹ̀. Ẹ tún wo igun òpópónà: àwọn àgbá ìbọn ògbólógbòó ni wọ́n rì mọ́lẹ̀ síbẹ̀, kí kẹ̀kẹ́ ẹṣin má bàa máa ha ògiri.

Lórí òrùlé ni ohun tó ṣe pàtàkì jù wà: ilé ìṣọ́ kékeré tí oníṣòwò kọ́ láti fi máa wo ọkọ̀ rẹ̀ lókèèrè. Ẹni tó bá kọ́kọ́ mọ̀ pé ọkọ̀ ń bọ̀ ló máa ń kọ́kọ́ mọ iye tó yẹ kí ó ta ọjà tó wà nílẹ̀. Èyí tó lé ní 100 ṣì wà, ṣùgbọ́n ẹni tó dúró ní títì kò lè rí púpọ̀ nínú wọn, torí àwọn ilé ga, òpópónà sì há. Torre Tavira ni kí ẹ gùn, èyí tí wọ́n fi ṣe ilé ìṣọ́ ìjọba fún èbúté ní 1778. Àtẹ̀gùn rẹ̀ lé ní 150, kò sí ẹ̀rọ agbéniròkè. Ẹni tí orúnkún ń dùn kó mọ̀ ṣáájú. Lókè rẹ̀, yàrá òkùnkùn kan wà tí wọ́n ti ń fi dígí àti awò gbé àwòrán gbogbo ìlú sórí tábìlì funfun kan, ààyè, bí ó ṣe ń ṣẹlẹ̀: aṣọ ń mì lórí okùn, ẹyẹ ń fò. Oòrùn ló ń mú un ṣiṣẹ́, torí náà tí ìkùukùu bá ṣú, àwòrán á di bàìbàì. Ẹ gba tíkẹ́ẹ̀tì fún ọ̀sán gangan, kì í ṣe ìrọ̀lẹ́. Ẹ ní kí wọ́n fi Bella Escondida hàn yín, ilé ìṣọ́ onígun mẹ́jọ tí ènìyàn kò lè rí láti ilẹ̀.

Kàtídírà náà ń sọ ìtàn owó kan náà. Ọdún 1722 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, ó di 1838 kí wọ́n tó parí. Ẹ wo ara rẹ̀ láti òde: òkúta iyebíye ni ìsàlẹ̀, òkúta tó rọjú ni òkè, nítorí owó Amẹ́ríkà ti gbẹ kí iṣẹ́ tó dé òkè. Iyọ̀ inú afẹ́fẹ́ òkun sì ń jẹ òkúta náà títí di òní. Bí ẹ bá rí àwọ̀n lábẹ́ àjà nínú ilé ìsìn náà, òkúta tó ń já bọ́ ni wọ́n fi ń gbà. Manuel de Falla, ọmọ Cádiz tó jẹ́ òǹkọ̀wé orin ńlá, tó kú sí Ajẹntínà ní 1946, sinmi nínú yàrá abẹ́ ilẹ̀ ibẹ̀. Ilé ìṣọ́ rẹ̀ kò ní àtẹ̀gùn: ọ̀nà gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ ló ń yí lọ sókè, ó rọrùn ju Torre Tavira lọ.

Ìsinsìnyí, ọ̀rọ̀ tó kan àwa gan-an. Ọjà tó kọjá lọ́wọ́ àwọn oníṣòwò yìí kò mọ sórí kòkó àti ṣúgà. Ní 1765, àwọn olówó Cádiz gba àṣẹ ọba láti máa kó ẹrú ọmọ Áfíríkà lọ sí àwọn ilẹ̀ Spéìn ní Amẹ́ríkà, wọ́n sì dá ilé-iṣẹ́ tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Compañía Gaditana de Negros sílẹ̀. San Juan ní Puerto Rico ló kọ́kọ́ fi ṣe ibùdó, lẹ́yìn náà Havana ní Kúbà, kí ó tó kógbá sílé ní 1779. Ọ̀pọ̀ àwọn ará wa tí wọ́n ń pè ní Lucumí ní Kúbà kò tíì débẹ̀ nígbà yẹn. Ọ̀rúndún tó tẹ̀ lé e, lẹ́yìn tí Ọ̀yọ́ fọ́ tí ogun sì gba ilẹ̀ kan, ni wọ́n kó wọn lọ lọ́pọ̀ yanturu. Spéìn sì ti bá ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fọwọ́ sí ìwé ní 1817 pé òwò náà máa dópin ní 1820! Òwò náà kàn di ti ẹ̀bùrú ni, àwọn oníṣòwò tó ní ilé-iṣẹ́ ní Havana àti ní Cádiz sì wà lára àwọn tó ń jèrè rẹ̀.

Ẹ gbé èyí lọ́kàn wọ ilé ìjọsìn San Felipe Neri, ilé rìbìtì tó gùn díẹ̀, tí òkúta ìrántí kún ògiri rẹ̀. Ibẹ̀ ni àwọn aṣòfin jókòó sí láti oṣù Kejì 1811, nígbà tí ọmọ ogun Napoleon ti ilẹ̀ Faransé dó ti ìlú, tí Cádiz sì ṣòro gbà nítorí òkun yí i ká. Ìwé òfin tí wọ́n kéde ní 19 oṣù Kẹta 1812, ọjọ́ Jósẹ́fù Mímọ́, ni wọ́n ń pè ní La Pepa. Ó gba agbára lọ́wọ́ ọba, ó fún ìwé ìròyìn ní òmìnira, gbogbo ìlú sì fi ń yangàn. Ohun tí àwọn amọ̀nà kì í sábà fà yọ ni Abala 22 rẹ̀: ẹni tí ìran rẹ̀ bá ti Áfíríkà wá, láti ẹ̀gbẹ́ bàbá tàbí ti ìyá, kì í ṣe aráàlú ní kíkún, àfi kí ó yege nínú iṣẹ́ tàbí ìwà kí wọ́n tó lè fún un. Ní 1811, Guridi y Alcocer, aṣòfin láti Mẹ́síkò, dábàá pé kí òwò ẹrú dópin kí ẹrú náà sì máa gba òmìnira díẹ̀díẹ̀. Argüelles, aṣòfin láti Spéìn, náà dábàá pé kí òwò ẹrú dópin. Àwọn olóko ṣúgà Kúbà figbe ta, ọ̀rọ̀ náà sì kú sójú ọ̀nà. Ilé yìí lẹ́wà, ẹ wò ó dáadáa, ṣùgbọ́n kí ẹ mọ ohun tí wọ́n kọ sínú ìwé tí wọ́n ń yìn.

Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ rìn lọ sí Campo del Sur, ọ̀nà etí òkun lẹ́yìn kàtídírà. Ẹni tó bá ti dé Havana rí á dúró ṣáká: ilé aláwọ̀ osùn àti pupa rúsúrúsú tí wọ́n tò sí etí omi, ògiri òkun, ìmọ́lẹ̀ kan náà. Kò yani lẹ́nu, ọkọ̀ kan náà ló ń lọ tó ń bọ̀ láàárín àwọn méjèèjì fún ọ̀rúndún púpọ̀.

Ó yá, oúnjẹ. Ọjà ńlá ìlú, Mercado Central, ni kí ẹ fi bẹ̀rẹ̀ láàárọ̀. Ilé ọjà náà ti wà láti 1838. Ọjọ́ Ajé kọ́ ni ọjọ́ ẹja, nítorí apẹja kì í jáde ní ọjọ́ Àìkú, ọ̀pọ̀ ìsọ̀ ẹja á sì wà ní títì. Àwọn ilé tó ń din ẹja ni wọ́n ń pè ní freiduría. Wọ́n ń fi ìwọ̀n tà á, wọ́n á sì dì í sínú bébà. Ìdámẹ́rin kílò (un cuarto) tó fún ẹnì kan. Cazón en adobo ni kí ẹ kọ́kọ́ bèèrè: ẹja ekurá (shark) kékeré tí wọ́n rẹ sínú ọtí kíkan, ata gígún pupa tí kò ta, áyù, kumin àti oregano mọ́jú, kí wọ́n tó fi ìyẹ̀fun bò ó, kí wọ́n dín in.

Tortillita de camarones ni ẹ̀kejì, a sì máa sọ bí wọ́n ṣe ń ṣe é, nítorí ọ̀pọ̀ ènìyàn ń gbìyànjú rẹ̀ nílé, ó sì ń bàjẹ́ mọ́ wọn lọ́wọ́. Ìyẹ̀fun àlìkámà giramu 100, ìyẹ̀fun garbanzo (ẹ̀wà aláwọ̀ ìyeyè tí àwọn ará Lárúbáwá fi ń ṣe falafel) giramu 100, edé wẹ́wẹ́ tútù giramu 150 pẹ̀lú èèpo rẹ̀, àlùbọ́sà eléwé díẹ̀, ewé parsley, iyọ̀, àti omi tó tutù bíi yìnyín, nǹkan bíi mílílítà 400. Ó gbọ́dọ̀ ṣàn bí ẹ̀kọ mímu. Ẹ gbé e sínú ẹ̀rọ amómitutù fún 30 ìṣẹ́jú, ẹ rò ó, kí ẹ wá fi ṣíbí dà á sínú òróró tó gbóná gan-an, kí ẹ sì fi ẹ̀yìn ṣíbí tẹ́ ẹ títí yóò fi máa ní ihò bíi léèsì. Tí ó bá ki jù, búrẹ́dì ni yóò dà. Tí òróró kò bá gbóná tó, yóò mu epo yó, yóò sì rọ̀. Tí ẹ bá da púpọ̀ sínú agbada lẹ́ẹ̀kan, ooru òróró á lọ sílẹ̀, àbájáde kan náà ni.

Ẹ̀yin Mùsùlùmí àárín wa, ẹ fetí sí èyí. Chicharrones tí gbogbo ìlú fẹ́ràn, ẹlẹ́dẹ̀ ni. Manteca, ọ̀rá ẹlẹ́dẹ̀ tí wọ́n ń fi sórí búrẹ́dì, kì í hàn lójú. Ẹran ẹlẹ́dẹ̀ gígé wẹ́wẹ́ sì lè wà nínú ẹ̀wà tàbí ẹ̀fọ́ tí ẹ rò pé kò ní nǹkan. Ẹ sọ pé: «¿Lleva cerdo?», ìyẹn ni «Ṣé ẹlẹ́dẹ̀ wà nínú rẹ̀?» Ẹ tún bèèrè bóyá vino, ọtí wáìnì, wà nínú ọbẹ̀. Ẹja díndín ni ọ̀nà àbáyọ tó rọrùn jù.

Wákàtí oúnjẹ wọn kì í ṣe tiwa. Ilé ìdáná máa ń ṣí ní nǹkan bí 1:30 ọ̀sán sí 4, á tún ṣí ní 8:30 alẹ́. Ẹni tí ebi bá pa ní agogo 6, kọfí àti àkàrà òyìnbó ni yóò rí. Ọ̀pọ̀ ṣọ́ọ̀bù á sì tì láàárín 2 sí 5. Tapa ni àwo kékeré, ración ni odindi, media ración ni ìdajì. Ènìyàn méjì tó bá pè ración mẹ́ta ti pè jù.

Ẹni tó bá fẹ́ lọ ní ìgbà Carnaval, àjọ̀dún orin àti ẹ̀fẹ̀ ìlú náà, ní oṣù Kejì lọ́pọ̀ ìgbà, kó gba ilé sílẹ̀ ní oṣù mẹ́fà ṣáájú, nítorí owó yàrá á ti fò sókè. Ìdíje orin ni wọ́n ń ṣe ní Gran Teatro Falla fún ọ̀sẹ̀ púpọ̀ kí ayẹyẹ òpópónà tó bẹ̀rẹ̀. Chirigota ni ẹgbẹ́ tó ń fi orin bú àwọn alágbára, tí wọ́n ń fi ìlù, gìtá àti fèrè esùsú gbè é, nínú aṣọ ẹ̀fẹ̀ kan náà. Ẹni tó bá ti gbọ́ Ẹ̀fẹ̀ lóru níbi Gẹ̀lẹ̀dẹ́ ní Kétu mọ irú ọ̀rọ̀ tó ń jáde. Ṣùgbọ́n ẹni tí kò gbọ́ èdè Spéìn dáadáa, ariwo lásán ni yóò gbọ́, a kò ní tàn yín. Ní àdúgbò La Viña, àwọn ẹgbẹ́ tí kò wọ ìdíje máa ń kọrin ní igun títì lọ́fẹ̀ẹ́. Níbẹ̀ ni ìgbádùn wà.

Ẹ jẹ́ kí a jáde kúrò nílùú. Ẹ fi Cádiz ṣe ibùdó fún òru mẹ́rin, ó kéré tán, kí ẹ máa lọ kí ẹ máa bọ̀. Ọkọ̀ ojú irin láti Seville ń gba nǹkan bíi wákàtí kan àti 40 ìṣẹ́jú. Pápákọ̀ òfurufú Jerez ló sún mọ́ jù, ó sì ní ibùdókọ̀ ojú irin tirẹ̀, ṣùgbọ́n ọkọ̀ tó ń dúró níbẹ̀ kò pọ̀. Ẹ wo àkókò rẹ̀ kí ẹ tó yan ọkọ̀ òfurufú. Ibùdókọ̀ bíi mélòó kan wà láàárín ìlú tuntun kí ó tó dé òpin. Àwọn àlejò máa ń bọ́ sílẹ̀ ní Segunda Aguada, tí wọ́n á sì máa fa ẹrù rìn. Òpin pátápátá, tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Cádiz, ni kí ẹ sọ̀ sí.

El Puerto de Santa María wà ní òdìkejì Bahía, ọkọ̀ ojú omi ń gbé ènìyàn lọ ní nǹkan bí ìdajì wákàtí. Níbẹ̀ ni Juan de la Cosa ti ya àwòrán ilẹ̀ ayé ní 1500, àkọ́kọ́ tó ṣẹ́kù tó fi Amẹ́ríkà hàn. Tí afẹ́fẹ́ bá le, ọkọ̀ náà lè má jáde, ṣùgbọ́n ọkọ̀ ojú irin wà.

Jerez ni ìlú ọtí wáìnì tí wọ́n ń pè ní sherry. Ẹni tí kì í mutí pàápàá yẹ kó wo ilé tí wọ́n ń tọ́jú rẹ̀ sí. Ilé náà ga bíi ṣọ́ọ̀ṣì, fèrèsé rẹ̀ kọjú sí ìwọ̀-oòrùn kí Poniente lè gbé ọ̀rinrin wọlé, wọ́n sì ń bu omi sí ilẹ̀ẹ́lẹ̀ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Ọ̀rinrin yẹn ni ìwúkàrà tó ń bo ojú ọtí nínú àgbá nílò, èyí tí wọ́n ń pè ní flor. Àgbá gba lítà 600, lítà 500 péré ni wọ́n ń rọ sínú rẹ̀ kí flor lè rí ààyè mí. Tí agbára ọtí bá wà ní ìdá 15 nínú ọgọ́rùn-ún, flor á yè, ọtí á sì di fino aláwọ̀ fúyẹ́. Tí wọ́n bá gbé e dé 17, flor á kú, afẹ́fẹ́ á kan ọtí, á dúdú, á di oloroso. Wọ́n to àgbá ní ìpele: inú ti ilẹ̀, solera, ni wọ́n ti ń fa èyí tí wọ́n ń tà, kì í ju ìdá kan nínú mẹ́ta lọ lọ́dún. Wọ́n á fi ti ìpele òkè dípò ohun tí wọ́n fà, bẹ́ẹ̀ ni tuntun ṣe ń kọ́ ìwà lára àgbà. Ilé ẹ̀kọ́ ẹṣin ìlú náà máa ń ṣe àfihàn ijó ẹṣin, ọ̀pọ̀ ìgbà ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun àti Ọjọ́bọ̀ lọ́sàn-án.

Sanlúcar de Barrameda ni ẹnu odò Guadalquivir. Níbẹ̀ ni Magellan ti gbéra pẹ̀lú ọkọ̀ márùn-ún ní 20 oṣù Kẹsàn-án 1519. Ní 6 oṣù Kẹsàn-án 1522, ọkọ̀ kan ló padà, Elcano ló ń darí rẹ̀, ènìyàn 18 ló wà nínú rẹ̀, wọ́n sì ti yí ayé po. Ẹ jẹ edé ńlá ibẹ̀ ní Bajo de Guía, kí ẹ wo igbó Doñana lódìkejì odò. Arcos, ìlú funfun lórí òkè gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, ẹ lè fi ìdajì ọjọ́ wò ó.

Gúúsù ni ọkọ̀ tí ẹ háyà wúlò fún. Ní Barbate, Zahara, Conil àti Tarifa ni wọ́n ti ń ṣe almadraba, láti oṣù Kẹrin sí Ìkẹfà. Ẹja túnà ń ti Àtìláńtíìkì wọ òkun Mẹditaréníà lọ yé ẹyin, wọ́n á gba etí ilẹ̀ kọjá, àwọ̀n tí wọ́n fi ìdákọ̀ró dè mọ́lẹ̀ á sì máa darí wọn láti yàrá kan sí èkejì títí dé èyí tó kẹ́yìn, tí ọkọ̀ á gbé sókè. Ẹja kan lè ju kílò 200 lọ. Ẹ bèèrè mojama, ẹran ẹ̀yìn rẹ̀ tí wọ́n fi iyọ̀ sí tí wọ́n sì sá sínú afẹ́fẹ́. Ẹja yìí kan náà ló kọ́ Baelo Claudia, ìlú àwọn ará Róòmù ní etíkun Bolonia: kòtò tí wọ́n ń kó ẹja àti iyọ̀ sí láti ṣe garum, omi ẹja tí wọ́n ń kó lọ sí Róòmù, ṣì wà ní ìwọ̀n ìrìn díẹ̀ sí omi. Owó ìwọlé ibẹ̀, €1.50 náà ni, wọn kì í ṣí ní ọjọ́ Ajé. Ó dára kí ẹ débẹ̀ ní agogo 10, nítorí kò sí igi tó ń ṣíji.

Láti Tarifa, ọkọ̀ ojú omi ń lọ sí Tangier ní Mòrókò ní nǹkan bíi wákàtí kan, ó sì máa ń wu ènìyàn láti lọ ní àárọ̀ kí ó padà nírọ̀lẹ́. Ìwé ni kí ẹ kọ́kọ́ wò. Físà Schengen, èyí tí Spéìn àti ọ̀pọ̀ ilẹ̀ Yúróòpù jọ ń lò, tí wọ́n kọ «1» sí níbi iye ìgbà tí ènìyàn lè wọlé á parí iṣẹ́ rẹ̀ ní ìṣẹ́jú tí ẹ bá jáde lọ sí Tangier, ẹ kò sì ní lè padà wọ Spéìn bí ẹrù yín tilẹ̀ wà ní hòtẹ́ẹ̀lì. Nígbà tí ẹ bá ń gba físà, ẹ béèrè fún «MULT», kí ẹ sì kọ ìrìn Mòrókò sínú ètò tí ẹ fi sílẹ̀. Ẹ fi ìwé ìbéèrè fún físà sílẹ̀ láàárín oṣù mẹ́fà sí ọjọ́ 15 ṣáájú ìrìn. Ìwé adójútòfò ìlera gbọ́dọ̀ tó €30,000, kí ó sì kárí gbogbo ọjọ́ tí ẹ máa lò. Ẹ tún wo ohun tí Mòrókò fúnra rẹ̀ ń béèrè lọ́wọ́ ẹni tó ní irú ìwé ìrìnnà tiyín. Bí Levante bá sì ń fẹ́ gan-an lọ́jọ́ tí ẹ yàn, ọkọ̀ lè má jáde rárá. Tàbí kí ó gbé yín lọ láàárọ̀, kí òkun le kí ìrọ̀lẹ́ tó dé, kí ẹ sì sùn sí Tangier. Ẹ má ṣe fi ìrìn yìí sí ọjọ́ tó ṣáájú èyí tí ẹ máa wọ ọkọ̀ òfurufú padà sílé.